Máníjà mi kọ ọ́ pé mo "wear my heart on my sleeve", ṣé ìyìn ni àbí ìbáwí?

Àdùkẹ́_Leeds:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan, torí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìjẹta. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, n ò tíì pẹ́ tí mo dé, wọ́n wá ṣe appraisal fún gbogbo wa, ìwé tí wọ́n fi ń wo bí oníkálukú ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Gbogbo ohun tí máníjà kọ nípa mi ló dáa, pé mo ń tètè dé, pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn, pé n kì í gbàgbé oògùn ẹnikẹ́ni, àfi ibì kan nísàlẹ̀ tó kọ ọ́ pé "she wears her heart on her sleeve". Kò sọ pé ó dáa, kò sọ pé kò dáa, ó kàn fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo lọ wò ó lórí Google, wọ́n ní ẹni tí kì í fi bí nǹkan ṣe ń rí lára ẹ̀ pamọ́ ni. Ó dáa, ìyẹn yé mi. Ohun tí kò yé mi ni pé ṣé wọ́n ń yìn mí ni àbí wọ́n ń rọra bá mi wí? Àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ wa yìí kì í sọ̀rọ̀ tààrà jàre. Èèyàn á ní "not bad", kó sì jẹ́ pé inú ẹ̀ ti dùn kọjá àlà. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ṣe ṣíìfù ní ìyìn ni, pé kí n lọ sùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Lọ́ndọ̀nù ní kí n ṣọ́ra, pé báyìí ni wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ kó ẹ̀sùn jọ sọ́rùn èèyàn. Mo sì gbọ́dọ̀ kọ èsì tèmi sí àpótí kan nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù yẹn kó tó di Fúráìdè.

Kí n má parọ́ fún yín, mo máa ń sunkún. Nígbà tí bàbá kan tá à ń tọ́jú kú, mo sunkún lójú àwọn ọmọ ẹ̀, kódà ọmọ ẹ̀ obìnrin ló wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún lol. Ṣé ìyẹn ló fà á? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí ẹ gbà mí o. Tẹ́ ẹ bá sì mọ irú àwọn ọ̀rọ̀ "heart" yìí mí-ìn tó lè gbé àlejò ṣubú, ẹ kó wọn sílẹ̀ kí gbogbo wa jọ rí i.

Bọ̀dá_Peckham:
Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kó ẹ̀sùn jọ sí ẹ lọ́rùn, ẹ̀gbọ́n ẹ kàn ń já ẹ láyà ni. Gbólóhùn yẹn kì í ṣe ìyìn, kì í ṣe èébú, ẹni tó sọ ọ́ àti ibi tó ti sọ ọ́ la fi ń mọ̀. Tí ọ̀rẹ́ bá sọ ọ́ nípa ọ̀rẹ́, ìyìn ni, pé onítọ̀hún ò ní ojú méjì, ohun tó wà nínú ẹ̀ náà lẹ máa rí. Tó bá jẹ́ ọ̀gá ló kọ ọ́ sínú ìwé, wo ohun tó ṣáájú ẹ̀ àti ohun tó tẹ̀lé e. Tó bá kọ "but" kó tó kọ ọ́, ìkìlọ̀ ni. Tó bá jẹ́ "and the residents love her" ló tẹ̀lé e, ìwọ lọ máa jó. Tìẹ wá dá dúró, ìyẹn ló fi ń dà ẹ́ láàmú.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi: màá kọ ìmeèlì kékeré sí i, màá ní "could you give me an example, please?" Ó parí. Má bi í pé ṣé ó dáa àbí kò dáa o! Tó o bá bi òyìnbó bẹ́ẹ̀, ó máa sáré sọ pé "oh no no, it's a lovely thing", á rẹ́rìn-ín sí ẹ, o ò sì ní mọ nǹkan kan ju bó o ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ tó o bá ní kó fún ẹ ní àpẹẹrẹ, dandan ni kó dárúkọ ọjọ́ kan tàbí aláìsàn kan, ibẹ̀ lo ti máa mọ̀ bóyá inú ẹ̀ dùn sí i.

Ní ti àwọn mí-ìn tó o béèrè, èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ọ̀rọ̀ wọn ta kora wọn. Ẹni tó bá ń fi nǹkan pamọ́, wọ́n á ní ó ń "keep his cards close to his chest", bí ẹni tó ń ta káàdì tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú wo ọwọ́ òun, ọgbọ́n nìyẹn lójú wọn, pàápàá nídìí òwò àti òṣèlú. Ṣùgbọ́n tó o bá fi ìbànújẹ́ pamọ́, ó ti di "bottling it up" nìyẹn, ìyẹn ò sì dáa, wọ́n á ní kó o lọ "get it off your chest", pé kó o sọ ọ́ jáde. Ibi iṣẹ́ tí mo wà tẹ́lẹ̀, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń lẹ pépà mọ́ ara ògiri pé "don't bottle things up, talk to us". Ẹnì kan wá lọ talk to wọn lóòótọ́ o, ó sọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ nípa ọ̀gá wa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e lọ sí ẹ̀ka mí-ìn. Torí náà ká máa fọgbọ́n ṣe é.

Tíṣà_Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú ìjíròrò o. Tíṣà gẹ̀ẹ́sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n bù sí i díẹ̀ torí ibi tí gbólóhùn yẹn ti wá gan-an lè ràn ọmọ wa lọ́wọ́. Inú eré Othello tí Shakespeare kọ la ti bá a, eré tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1622, lẹ́yìn tí Shakespeare ti kú. Ẹni tó sọ ọ́ ni Iago, ọ̀dàlẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣe bí ọ̀rẹ́ fún ọ̀gá ẹ̀, tó sì jẹ́ pé òun ló máa ba ayé ọ̀gá náà jẹ́. Láti ìran àkọ́kọ́ ló ti sọ fún ẹnì kejì ẹ̀ pé ọjọ́ tí ojú òun bá ń sọ ohun tó wà nínú òun, á jẹ́ pé òun ti gbé ọkàn òun kọ́ apá ẹ̀wù kí àwọn ẹyẹ daw máa ṣá a jẹ nìyẹn. Daw yìí, mọ̀lẹ́bí kannakánná ni, àmọ́ ó kéré sí i. Ó wá fi kún un pé "I am not what I am".

Ẹ rí i báyìí, ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ sínú ìwé ò sọ ọ́ láti fi yin ẹnikẹ́ni, ó ń fi ẹni tí inú ẹ̀ ṣí sílẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ni, pé òmùgọ̀ ni, ẹyẹ á jẹ ẹ́ tán. Àwọn tó wá lẹ́yìn ló yí i sí dáadáa, torí àwọn òǹwòran mọ̀ pé Iago ni ẹni burúkú, ẹni tó bá yàtọ̀ sí Iago ló yẹ kéèyàn jẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ní apá méjì títí dòní. Wọ́n tún máa ń sọ ìtàn kan pé àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ máa ń so aṣọ obìnrin tí wọ́n fẹ́ràn mọ́ apá nígbà ìdíje orí ẹṣin, pé ibẹ̀ ló ti wá. Ìtàn náà dùn, èmi náà ti sọ ọ́ ní kíláàsì rí, ṣùgbọ́n ti Shakespeare yẹn la rí dì mú.

Mo tún ṣàkíyèsí nǹkan kan nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn gbólóhùn "heart" tó wá láti inú Bíbélì kì í sábà ṣòro fún wọn. "Pour out your heart", ó wà nínú Sáàmù 62, gbogbo wa ti kà á pé ẹ tú ọkàn yín jáde níwájú rẹ̀. "Heart of stone" wà nínú Ìsíkíẹ́lì 36, ọkàn òkúta. Fáráò náà, ta ni kò mọ̀ pé wọ́n sé àyà ẹ̀ le? Bíbélì King James ti 1611 ló tan púpọ̀ nínú wọn kálẹ̀ láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sì ti parí ti Yorùbá ní 1884, torí náà ó ti pẹ́ létí wa. Ẹyọ kan ló máa ń dà wọ́n rú níbẹ̀, "a man after my own heart". Ọmọ kíláàsì mi kan túmọ̀ ẹ̀ sí ọkùnrin tó ń lé òun kiri! Dáfídì ni wọ́n sọ ọ́ nípa ẹ̀ nínú Sámúẹ́lì Kìíní, ẹni tó wu ọkàn Ọlọ́run. Lóde òní, wọ́n ń fi ṣàwàdà, tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń da ṣúgà púpọ̀ sí tíì bíi tiyín, ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ náà ò gbẹ́yìn nígbà kan o. Shakespeare yìí kan náà pe ojo ní "lily-livered" nínú Macbeth, ẹni tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ funfun torí kò lẹ́jẹ̀ nínú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ti ẹ̀dọ̀ tì, àwa ní Nàìjíríà la ṣì ń sọ pé "that guy get liver" haha.

Ìyá_Ìbejì_Manchester:
Tíṣà ẹ kú iṣẹ́, ẹ ṣé gan. Àdùkẹ́, nọ́ọ̀sì ni mí, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kan iṣẹ́ wa gan-an.

Àkọ́kọ́, má sọ "my heart bleeds for you" fún ẹni tí nǹkan ṣe. Láéláé! Létí tiwa, ó dà bí ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn tó jinlẹ̀ jù, ṣùgbọ́n lóde òní yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe. Tí ẹnì kan bá ń ráhùn pé mọ́tò òun tuntun kò ní àwọ̀ tóun fẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ọmọbìnrin kan tá a jọ wà ní wọ́ọ̀dù sọ ọ́ fún bàbá kan tí ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, tinútinú ló fi sọ ọ́ o, ojú bàbá yẹn yí padà, ó dìde, ó lọ bá súpáfáísọ̀. A ṣàlàyé títí kó tó gbà. Èyí tó yẹ kó o sọ ni "my heart goes out to you", ìyẹn ò ní ìtàn kankan nínú. Tó bá jẹ́ ikú, "I'm so sorry for your loss" tó, kó o dákẹ́ lẹ́yìn ẹ̀.

Ìkejì, tí aláìsàn bá ní "my heart was in my mouth", ẹ̀rù ló bà á, àyà ẹ̀ já, kì í ṣe pé ó fẹ́ bá ẹ sọ àṣírí. Tó bá ní "I nearly had a heart attack", nígbà mí-ìn eku ló rí ní kíṣìnì. Ṣùgbọ́n ìwọ tó o jẹ́ òṣìṣẹ́, bi í léèrè o, ṣé àyà ń dùn ọ́, ṣé apá ń dùn ọ́, má fi ṣàwàdà lọ. Heartburn ńkọ́, kò kan ọkàn rárá, omi kíkan inú ikùn ló ń gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun tó ń ta èèyàn láyà, àmọ́ ó máa ń jọ ti ọkàn nígbà mí-ìn, torí náà bẹ́ẹ̀ náà, bi í.

Ẹ sì má rò pé gbogbo ẹ̀ òwe lásán ni. "Broken heart" yìí, àwọn dókítà ti rí i nínú ara. Ní Jàpáàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ẹ̀ ní 1990, wọ́n pè é ní takotsubo, orúkọ ìkòkò tí apẹja ibẹ̀ fi ń mú octopus, torí bí apá òsì ọkàn ṣe ń wú nígbà náà ló jọ ìkòkò yẹn. Ó lè ṣẹlẹ̀ tí èèyàn bá gbọ́ ikú olólùfẹ́ tàbí tí jìnnìjìnnì bá bò ó, ó sì wọ́pọ̀ jù lára àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró. Á dà bíi heart attack gan-an, àyà dídùn, àìlèmí dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń bọ́ nínú ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mo ti tọ́jú ìyá kan tó ní in lẹ́yìn ìsìnkú ọkọ ẹ̀.

Ní ti ẹkún tó o sun, èmi ò ní tàn ẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé nọ́ọ̀sì tàbí kérà ò gbọ́dọ̀ da omi lójú. Èmi náà ń sunkún. Àmọ́ tó bá ti di pé ọmọ olóògbé ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ibẹ̀ ló ti kọjá díẹ̀, torí ìwọ ló yẹ kí o gbé tiẹ̀, kì í ṣe kóun gbé tìẹ. Rọra jáde, wọ ilé ìwẹ̀, sun ún tán, bọ́jú, padà wá. Mo rò pé ìyẹn ni máníjà ẹ fẹ́ sọ tí ẹnu ẹ̀ ò gbà.

Akéwì_inú_Kọ́ńbọ̀:
Ẹ jọ̀ọ́ kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan "stiff upper lip", bẹ́ẹ̀ òun ni olórí gbogbo ẹ̀ tó bá di ká fi nǹkan pamọ́. Kí ètè òkè le gbagidi kó má gbọ̀n, ìyẹn ni pé kó o má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ẹkún ń gbọ̀n ẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ti kọ́kọ́ rí i, ìwé ìròyìn kan ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, ló ti wà ní 1815. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á tí wọ́n sọ ọ́ di tiwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń rí "Keep Calm and Carry On", pé ẹ fọkàn balẹ̀ kẹ́ ẹ máa bá nǹkan lọ, lára kọ́ọ̀pù tíì, ìwé àlẹ̀mógiri ni tẹ́lẹ̀, ìjọba ló tẹ̀ ẹ́ ní 1939 nítorí ogun, ó lé ní mílíọ̀nù méjì, wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ ìkankan síta. Ọdún 2000 ni ẹni tó ni ilé ìtàwé kan ní Alnwick, ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọ̀kan nísàlẹ̀ àpótí ìwé àlòkù tó rà, ibẹ̀ ló ti gbà gbogbo ayé kan. Torí náà ohun tí gbogbo èèyàn ń pè ní ìwà àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun, ọ̀pọ̀ àwọn tó ja ogun yẹn ò rí i sójú.

Nígbà tí Diana kú ní 1997, ṣé ẹ rántí òdòdó tí wọ́n kó jọ síwájú Kensington Palace, àti bí àgbà ọkùnrin ṣe ń sunkún ní títì? Ọ̀pọ̀ ló sọ pé ọjọ́ yẹn ni ètè náà gbọ̀n. Síbẹ̀ ọmọ ẹ̀, Harry, sọ fún oníròyìn kan ní 2017 pé fún nǹkan bí ogún ọdún lòun fi ti gbogbo ìmọ̀lára òun pa lẹ́yìn ikú ìyá òun, kóun tó lọ rí àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀.

Èmi ò sì fara mọ́ àwọn tó máa ń sọ pé òyìnbó ló ń fi nǹkan pamọ́, pé àwa ń sọ tiwa síta. Irọ́ ni. Ta ló sọ pé inú lorúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé? Ta ló ń sọ fún ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin pé ọkùnrin kì í sunkún? A ń ké níbi òkú torí wọ́n ń retí ẹ̀ lọ́wọ́ wa, tí wọ́n bá lé wa níṣẹ́ ńkọ́, ta là ń sọ fún?

Texas_Yorùbá:
Ẹ̀yin ti ìlú ọba ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ẹ wá sí gúúsù Amẹ́ríkà níbí, kí ìyá àgbà kan wò yín lójú kó ní "bless your heart". Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé mo ń ṣe àmín sí i tọkàntọkàn lol. Nígbà mí-ìn àdúrà àti ìkẹ́dùn ni lóòótọ́, tí ara yín kò bá yá. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán lẹ gbọ́ ọ, wọ́n ń sọ pé ẹ gọ̀ ni. Ẹ wo ojú ẹni tó jókòó tì í, tó bá ń pa ẹ̀rín mọ́ra, ẹ ti mọ̀.

Àdùkẹ́_Leeds:
Ẹ ṣé gan ẹ̀yin èèyàn mi, Olúwa á bá mi san án fún yín. Mo kọ ìmeèlì yẹn bí Bọ̀dá Peckham ṣe ní kí n ṣe é. Ó fèsì láàárọ̀ yìí. Ọjọ́ tí bàbá yẹn kú náà ló dárúkọ, Ìyá Ìbejì ẹ gbà á! Ó ní àwọn ọmọ ẹ̀ kọ káàdì wá, wọ́n dárúkọ mi níbẹ̀ pé àwọn ò ní gbàgbé mi, inú òun dùn sí i, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí n mọ ibi tí mo lè sá sí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tó bá tún ṣẹlẹ̀, torí òun ò fẹ́ kí iṣẹ́ yìí tán mi lókun. Méjèèjì ni o, ìyìn àti ìkìlọ̀. Kí ló dé tí kò kọ gbogbo ìyẹn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ná? Ohun tí mo máa kọ sí àpótí yẹn ni "Thank you, I understand, and I would like to use the quiet room when I need a few minutes." Ṣé gírámà ẹ̀ dáa, Tíṣà?

Tíṣà_Mọ́kọ́lá:
Ó dáa ọmọ mi, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, má fi nǹkan kan kún un.

Ṣẹ̀gi_Ọlọ́jà:
Mo pẹ́ dé o, ẹ má bínú. "Eat your heart out" ńkọ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé fọ́tò kéèkì tó ṣe sórí Facebook, ó kọ "eat your heart out" síbẹ̀, ìyá ẹ̀ ti ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá èèdì ni.

Bọ̀dá_Peckham:
Haha kì í ṣe èèdì mà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí ìbànújẹ́ ń jẹ nínú láìsọ fún ẹnikẹ́ni ni wọ́n ń sọ ọ́ nípa ẹ̀. Ní báyìí fáàrí ni, wọ́n máa ń fi orúkọ ẹni ńlá nínú iṣẹ́ yẹn ṣáájú ẹ̀, pé kí ìlara pa á torí òun ti ṣe tòun. Ẹ sọ fún ìyá ẹ̀ kó lọ jẹ nínú kéèkì náà.